Okùn Tí Darlene So Mọ́ Ẹṣin Eérú

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rín àlejò, kó má wá a dé ọ̀dọ̀ Darlene Yurko. Òun ló ń darí ẹṣin onígi tó ń yí po nínú ọgbà ìṣeré orí òkè ní Binghamton, kò sì sí ẹbí àlejò kan tó gòkè débẹ̀ tí kò gba tirẹ̀ lẹ́nu obìnrin yìí. "Ẹ di ọ̀pá mú! Ọ̀pá ni mo wí, n ò wí fóònù! Bàbá yìí, tọ́mọ yẹn bá já bọ́, ṣé fóònù yẹn lẹ máa fi gbé e?" Bó ṣe ń pariwo látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, òun àti fìlà rẹ̀ tí oòrùn ti jẹ àwọ̀ rẹ̀ tán. Àwọn òbí á bínú lọ, àwọn ọmọ wọn á sì tún sáré padà wá tò.

Ìbéèrè kan wà tó kórìíra bí ẹni kórìíra ìgbẹ́. Àlejò á sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á wá yínmú pé, "Kí ló tún wà láti ṣe nílùú yìí?" Àfi bí ẹni pé a ránṣẹ́ pè é.

"Ó pọ̀," ni Darlene á wí. "Ẹ lọ jẹ spiedie, ẹran sísun tí wọ́n ń fi búrẹ́dì fà yọ lórí irin. Ẹ lọ wo àwọn ẹranko inú àgò lẹ́yìn ibí, àwọn náà ò fẹ́ràn àlejò. Ẹ lọ jókòó létí odò. Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo ìyẹn tán, ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wá ṣì wà níbẹ̀, wọn ò tíì dí i."

Àwa ará ìlú kì í dá a lẹ́bi. Ilé iṣẹ́ bàtà tó sọ wá di ìlú ti kógbá wọlé tipẹ́, àwọn ọmọ wa sì ti wábi gbà lọ. Àwọn ẹṣin wọ̀nyí, àti irú wọn nínú àwọn ọgbà yòókù nílùú, ni olówó tó ni ilé iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ fún wa, ó sì fi òfin lé e pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ ọmọ tó bá fẹ́ gùn wọ́n. Ní ọgbà ti Darlene, ìdọ̀tí kan ṣoṣo ni owó ìwọlé. Ọmọ á ṣa bébà súìtì tàbí ìdérí ìgò nílẹ̀, á jù ú sínú garawa tó wà lẹ́sẹ̀ Darlene, á sì gun ẹṣin. Bí ọmọ kan bá bi í pé kí ni wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí, ó ní èsì kan tó máa ń fún un: "Ohunkóhun tó wà níbì kan tí kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀."

Òfin kejì wà, àwọn ọmọ ló ṣe ìyẹn fúnra wọn láyé àtijọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí ẹṣin ló ni ín. A kì í gba ẹṣin sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni.

Òfin kejì yìí ló fa ọ̀rọ̀ láàárín Darlene àti ìyá rẹ̀, Ludmila. Nígbà tí Ludmila wà lọ́mọdé, tí àwọn òbí rẹ̀ ń rán bàtà nísàlẹ̀ òkè, ẹṣin kan ló máa ń gùn, ìyẹn ẹṣin aláwọ̀ eérú tó wà lọ́wọ́ ìta, tí etí rẹ̀ kan ti já. Nígbà tó darúgbó, ohun tó kù tó fẹ́ láyé kò ju kí ọmọ Greg gun ẹṣin náà lójú òun. Greg ni àbúrò Darlene. Ó ti lọ sí Atlanta, ó fẹ́yàwó síbẹ̀, ó bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀. Wọ́n ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Ẹni tó pa òwe yẹn kò mọ Greg Yurko. Lọ́dọọdún, á pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, á ní, "Ìgbà ooru tó ń bọ̀, Mama. Ìgbà ooru tó ń bọ̀ dandan."

Mama sì gbà á gbọ́. Gbogbo Sunday ìgbà ooru, tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, á wọ aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ ewé, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí ẹṣin onígi, nínú oòrùn gangan, nítorí kó lè tètè rí wọn bí wọ́n bá ń gòkè bọ̀.

"Darlene, bá mi gba ẹṣin eérú yẹn sílẹ̀. Wọ́n lè dé báyìí."

"Mama, a kì í gba ẹṣin sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Rárá. Òfin ni."

Bí ẹṣin náà bá ń kọjá, tòun ti ọmọ ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀, ìyá á juwọ́ sí i.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni Mama kú. Greg nìkan ló wá sìnkú. Ó gbé òdòdó ńlá kan dání, ó sì ti wọ ọkọ̀ òfuurufú padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Òkú ò mọ iye a rágọ̀. Darlene kò bá a sọ gbólóhùn kan, kò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí yìnyín yọ́ tí ọgbà ṣí, ó mú okùn ọ̀rá aláwọ̀ pupa rúsúrúsú kan, ó lọ́ ọ mọ́ gàárì ẹṣin eérú, ó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹṣin náà bàjẹ́. Irọ́ ni. Ohun kan ò ṣe ẹṣin náà. Darlene ti búra nínú ara rẹ̀ pé ọmọ Greg kò ní gun ẹṣin tí Mama jókòó níwájú rẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n títí tó fi kú, àti pé bó bá gba pé kí ẹnikẹ́ni má gùn ún mọ́, ó tẹ́ òun lọ́rùn.

Bí ayé ṣe rí, inú oṣù keje ni Greg dé.

Darlene rí wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀, Greg, Meredith ìyàwó rẹ̀, àti Tessa tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Kò dúró wò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbálẹ̀ ló gbé. Ó gbá iwájú, ó gbá ẹ̀yìn, ó gbá abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ṣa ewé tó já bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi gòkè dé, ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ju àwo oúnjẹ ẹlòmíràn lọ.

"Darlene," ni Greg wí.

"Ẹ̀yìn nìlà wà. Tò."

Meredith ti ṣí báàgì rẹ̀. "Ẹ̀yin ni Àǹtí Darlene! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbúròó yín. A ti gun ti gbogbo ọgbà yòókù, ibí nìkan ló kù. Èló ni?"

Darlene wo dọ́là tó nà sí i bí ẹni wo òkú eku. "Ẹ tọ́jú ẹ̀. Ìdọ̀tí la ń gbà."

"Ìdọ̀tí kẹ̀?"

"Kó lọ ṣa ìdọ̀tí kan nílẹ̀ wá."

"Tessa! Má fọwọ́ kan nǹkan kan nílẹ̀ o!"

"Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe ń ṣe é, Meredith," ni Greg wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"O ò sọ ọ́ fún mi kí n tó fẹ́ ẹ."

Tessa kò dúró gbọ́ tiwọn. Ó yí ibẹ̀ po, ó wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó wo ìdí igi. Àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà ti ṣa tiwọn bọ̀ látìsàlẹ̀, wọ́n dì í mọ́wọ́ bí ẹni di góòlù. Ó padà wá lọ́wọ́ òfo. "Dádì, kò sí nǹkan."

Greg wo ilẹ̀, ó wo ìgbálẹ̀, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "O gbálẹ̀ ni."

"Iṣẹ́ mi ni."

"Mo mọ̀ pé ò ń bínú sí mi. Jẹ́ kí ọmọ gùn ún."

"Ta ló ráyè ìbínú? Ẹni tí ò níṣẹ́ ló ń bínú."

"Ọ̀nà tá a gbà wá jìn gan-an, Àǹtí," ni Meredith wí.

"Ó jìn? Ó jìn jù fún yín nígbà tẹ́ni tó ń dúró dè yín wà láàyè. Àbí wọ́n ti gé e kúrú ni?"

Meredith ti báàgì rẹ̀. Greg sún mọ́ Darlene, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti sọ̀rọ̀ ẹṣin eérú yẹn fún Tessa. Òun ló ní ká wá. Ẹṣin Màmá Àgbà nìkan ló fẹ́ gùn."

"Ó bàjẹ́."

Àṣé Tessa ti dé etí pèpéle. Ó na ọrùn, ó ń yẹ ẹṣin náà wò bí ẹni tó fẹ́ rà á. "Àǹtí, kí ló ṣe é?"

"Mo ní ó bàjẹ́."

"Níbo?"

Darlene tún ń gbá ibi tó ti gbá.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ pé. Ọ̀pá ẹ̀ ò mì. Etí ẹ̀ ló já, Dádì sì ti sọ pé etí yẹn ti já tipẹ́tipẹ́." Ó fi ìka kan okùn. "Kí ni eléyìí ń ṣe níbí? Kò so ó mọ́ nǹkan kan. Àǹtí, ṣé ìdọ̀tí kọ́ nìyí?"

Ọmọ kan lórí ìlà kígbe pé, "Ìdọ̀tí ni!" Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀! Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, Miss Darlene!" Ni gbogbo wọn bá ń pariwo pé ìdọ̀tí ni, ìdọ̀tí ni.

Darlene wo okùn, ó wo garawa. Inú bí i sí ọmọ náà. Inú bí i sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tessa ti ń tú okùn. Ó pẹ́ kó tó tú u, nítorí ẹni tó dì í kò fẹ́ kó tú. Ó gbé e wá, ó jù ú sínú garawa, ó sì dúró níwájú Darlene bí ẹni tó ti san gbèsè rẹ̀.

Òfin ni òfin. Darlene ki ọwọ́ bọ ọmọ náà lábíyá, ó gbé e sórí gàárì. Àgbọ̀n Mama gan-an ló wà lójú ọmọ yìí, Darlene sì kórìíra pé òun rí i.

"Di ọ̀pá mú," ló wí, ṣùgbọ́n kò pariwo.

Greg ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí pèpéle, fóònù lọ́wọ́.

"Ìwọ, ibo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ dúró tì í."

"Ìdọ̀tí tìẹ dà?"

"Darlene, jọ̀ọ́."

"Sọ̀ kalẹ̀. Lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ibẹ̀ ni Mama máa ń jókòó sí."

Greg sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó. Oòrùn ń jó bẹ́ǹṣì náà, igi kan ò ṣíji bò ó. Darlene lu agogo, ó fa irin, orin bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹṣin sì gbéra.

Ẹṣin eérú kọjá, Tessa juwọ́, Greg juwọ́. Ó lọ sẹ́yìn, kò sí lójú mọ́. Ó tún yọ, wọ́n tún juwọ́. Ó yẹ kí Darlene ti dá wọn dúró, kò dá wọn dúró. Àwọn ọmọ tó wà lórí àwọn ẹṣin yòókù ń hó fáyọ̀ pé oríire ló dé. Nígbà tó pẹ́, Meredith wá bá a. "Ìgbà wo ló máa dúró?"

"Tó bá tó."

Òógùn bo Greg. Ọwọ́ tó ń jù ti wúwo. Ní gbogbo ìgbà tí ẹṣin bá ti lọ sẹ́yìn, ojú ọ̀nà tó ti ìsàlẹ̀ gòkè wá nìkan ló kù níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ kejì bojú. Darlene rí i. Ó dùn mọ́ ọn nínú, kò sì tijú pé ó dùn mọ́ òun nínú. Ìgbà náà ló tó fa irin dá wọn dúró.

Tessa bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n fún ayọ̀. "Àǹtí, ìgbà wo la tún lè wá?"

"Bi ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Òun ló máa ń mọ̀ ọ́n."

Ọmọ náà sáré lọ. "Dádì, ìgbà wo la tún ń bọ̀?"

"Ìgbà ooru..." ni Greg wí. Ó gbé ọwọ́ lé igi bẹ́ǹṣì. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ń wò ó, kò gbójú kúrò. "Ọ̀la," ni Greg wí. "Ọ̀la la tún ń bọ̀."

"Greg, alẹ́ òní lọkọ̀ òfuurufú wa," ni Meredith wí.

"Mo mọ̀."

Tessa fò sókè. Ó yíjú sí Darlene, ó pariwo láti ibẹ̀: "Àǹtí! Ẹ bá mi gba ẹṣin eérú sílẹ̀ o!"

Darlene la ẹnu láti wí ohun tó máa ń wí fún Mama ní gbogbo Sunday, pé a kì í gba ẹṣin sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni. Ó wo bẹ́ǹṣì, ó wo ọmọ.

"Tètè dé," ló wí. Ó sì yára kọ ẹ̀yìn sí wọn. "Ẹni tó kàn! Ẹ máa bọ̀! Ẹ di ọ̀pá mú!"