Ta Ló Ń Bá Alhaja Lo Oògùn Ojú Rẹ̀?

Wọ́n pè mí lólè nínú kẹ́míìsì mi ní Joju lónìí.

Alhaja kan tó ń fi oògùn kíkán tọ́jú gilakóómà (àrùn tí omi ń há sínú ojú, tó lè fọ́ni lójú) ojú ọ̀tún rẹ̀ ló wọlé, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Alhaja ní:

"Àǹtí, ẹ ń bù nínú oògùn mi kẹ́ ẹ tó tà á. Kì í pẹ́ tán mọ́."

Inú ti fẹ́ bí mi. Ni mo bá rí irun ìpéǹpéjú ọmọ: ó gùn, ó dúdú. Mo wo Alhaja. Tojú ọ̀tún rẹ̀ gùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tòsì ò gùn.

Mo bi ọmọ pé, "Ṣé o lẹ irun mójú ni?"

Ó mi orí pé rárá, ó ń wolẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún Alhaja. Oògùn yìí jọ pirositagiláńdìn, èròjà kan tí ara ń ṣe fúnra ẹ̀ láti fi ránṣẹ́ káàkiri. Ó dà bí ẹni tó dé géètì ilé-iṣẹ́: kì í wọlé, síkíọ́rítì ló ń bá a jíṣẹ́ fáwọn tó wà nínú. Síkíọ́rítì oríṣiríṣi ló wà lára, kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Èyí tó mọ̀ ọ́n wà níbi tí omi inú ojú ń gbà jáde, ó tún wà nídìí irun. Iṣẹ́ kan náà ló jẹ́ fún wọn, àmọ́ ọ̀kan la ọ̀nà fómi, èkejì ń hu irun.

Alhaja bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti rò pé èwe mi ló padà dé!"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Irun ẹ rẹwà, àbúrò. Tó o bá ń bá wọn lo oògùn yìí lọ, màmá ẹ ò ní rójú wò ó."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Alhaja.

Ẹ̀yin ńkọ́, oògùn ta lẹ ń bá a pín nílé?