Ojú Tuntun Lára Ọkọ̀ Àtijọ́

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ìwé kan ní Àgùdà. Inú ilé kan náà ni èmi, màmá wa àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé. Abọ́ tánganran ni màmá ń tà ní Ọ̀yìngbò. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, òun ló sì máa ń gbé màmá àti abọ́ rẹ̀ lọ sọ́jà ní gbogbo Sátidé.

Ọkọ̀ náà ti gbó. Kí ìjọba tó ní kí a máa wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún ní ọdún 1972 ló ti ń sáré lójú títì. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà láàárín àwọn onímọ́tò ìgbà yẹn. Bí irú ọkọ̀ wọn bá ti jáde pẹ̀lú ojú mìíràn, wọn a wá ojú tuntun náà rà lára èyí tí wọ́n ti gbá bàjẹ́ láti ẹ̀yìn, wọn a ní kí jórinjórin jó o mọ́ ti àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì kun ún lọ́dà. Àwọn ará àdúgbò ń kí i kú oríire ọkọ̀ tuntun, ó sì ń dáhùn pé, "Ẹ ṣé o."

Lọ́jọ́ kan, ó gbé mi láti ilé-ìwé, a sì yà ní Mushin láti ra rọ́bà bíréèkì iwájú, nítorí èyí tó wà lára ọkọ̀ ti ń sán. Àwọn kan rò pé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ nìkan ló ń dá ọkọ̀ dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró ló ń gbé agbára náà, inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ló sì ń gbà dé ìdí táyà. Bí rọ́bà bá lu, òróró á dà nù, bíréèkì kò ní sí mọ́.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni bàbá tó ń ta páàtì ọkọ̀ níbẹ̀.

"Ọmọ ìyá mi! Ti ọkọ̀ àtijọ́ ni àbí ti tuntun? Wọn ò gùn dọ́gba o."

Ẹ̀gbọ́n mi nàka síta. "Bàbá, ṣé ẹ ò rí ojú ẹ̀ ni?"

"Háà! Ìwọ náà ti di ọlọ́lá. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ ná."

"Ẹ má da ara yín láàmú, bàbá. Ọkọ̀ tuntun ni."

Kò fẹ́ kí ará ìlú wa rí ìpẹtà tó bo abẹ́ ọkọ̀ náà. Mo fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn. Ó gbá ọwọ́ mi dànù.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi de rọ́bà náà mọ́ ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ wọlé wẹ́kú, nítorí náà inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń yí ọkọ̀ wọ inú ọgbà wa, mo gbọ́ tí nǹkan ń ha. Mo bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà náà gùn jù, ó ń fara gbo táyà nígbàkigbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá ṣẹ́ táyà dé òpin, ara rẹ̀ sì ti ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó."

"Àǹtí Tíṣà! Ṣé wọ́n ti gbé kíláàsì wá sábẹ́ ọkọ̀ ni? Rọ́bà tuntun ni, ó máa jókòó."

"Kò ní jókòó. Ó máa lu ni. Ẹ má gbé màmá lọ́la."

Màmá gbọ́ wa, ó jáde síta. "Ṣé kò léwu?"

"Màámi, ẹnu tíṣà ò lè ṣe kó má sọ̀rọ̀."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bá ẹ̀gbọ́n mi fà á. Láàárọ̀ Sátidé, ó jókòó níwájú, ó sì gbé àpò abọ́ lé itan.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè ní Ọ̀yìngbò, aláàárù kan ti ọmọlanke ẹrù rẹ̀ já sójú títì. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ gbọọrọ bí ẹni tó tẹ omi. Ó ṣẹ́ ọkọ̀ sára ògiri. Òun jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìbàdí màmá ló kán.

Bàbá onípáàtì wá sí ọsibítù. "Ìwọ lo ní tuntun ni!" ló ń wí.

"Mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ògbólógbòó ni, bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn kékeré dáhùn.

Màmá la ojú. "Ẹ lọ síta lọ jà. Ìdí ń dùn mí."

Màmá padà dìde, ṣùgbọ́n kò tún ru abọ́ mọ́. Ìjókòó onígi kan ló ń tì síwájú bó bá fẹ́ rìn nínú ilé, bí ẹ̀gbọ́n mi bá sì ti gbọ́ ìró rẹ̀, á dìde jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, mo bẹ̀ yín. Ẹ má fi ojú ọkọ̀ ra páàtì. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọkọ̀ náà, ẹ fi páàtì àtijọ́ wé tuntun, kí ẹ sì ṣẹ́ táyà dé òpin lápá méjèèjì kí ẹ tó gbé ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín bí ọkọ̀ náà ṣe pẹ́ tó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún un.