Ọwọ́ Mi Ló Yan Èdè Kọ̀ǹpútà Ìjọ Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ojú Òrè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé oṣooṣù ni ìjọ tuntun ń ṣí ládùúgbò wa, àwọn ọmọ yunifásítì sì ń yá yàrá káàkiri. Èrò ìjọ tiwa pọ̀ débi pé ìwé orúkọ ò gbà wá mọ́. Pásítọ̀ ní kí a kó orúkọ wa sórí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan ṣoṣo tí ìjọ ní.

Ẹni méjì ló mọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ yunifásítì, fẹ́ fi èdè tí wọ́n ń pè ní Java kọ ọ́. Bùrọ̀dá kan tó ti Ọ̀ṣun wá, tó ń ru páálí ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ ní Sango, fẹ́ fi Pascal kọ ọ́. Kì í ṣe èdè ẹnu ni mo ń wí o. Èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tí èdè rẹ̀ bá wọlé ni ìjọ yóò gbà sí ọ́fíìsì.

“Java yẹn á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wa máa mí hẹlẹhẹlẹ,” bùrọ̀dá wí.

“Bùrọ̀dá, Pascal tiyín ti dàgbà ju màmá mi lọ!” ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn.

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí àgbà ìjọ kan tó lè dájọ́. Ni wọ́n bá ní kí a gbàdúrà, kí a ṣẹ́ kèké, kí a kọ èdè méjèèjì síwèé sínú àpò, kí ọmọdé fa ọ̀kan yọ. Bùrọ̀dá fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sí mi.

“Ọmọ jẹ́jẹ́ yìí ò lè ṣe màgòmágó.”

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo ti rí i pé ẹ̀yìn ìwé líle ni wọ́n kọ Java sí, ewé ìwé lásán ni wọ́n kọ Pascal sí. Mo dijú, mo fọwọ́ wá èyí tó le, mo fà á yọ. Wọ́n kígbe “Halelúyà!” Bùrọ̀dá bá wọn pàtẹ́wọ́.

Kọ̀ǹpútà náà ò lè gbé Java. Kí orúkọ kan tó jáde, ẹni tó ń dúró á ti sùn lọ. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi bá tirẹ̀ lọ sí Èkó, a sì padà sídìí ìwé. Wọn ò pe bùrọ̀dá. Ta ni yóò yí ohun tí Ọlọ́run yàn padà?

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ó dán èdè méjèèjì wò kí ilẹ̀ tó ṣú, èyí tó bá ṣiṣẹ́ lẹ ó mú. Inú mi ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, bùrọ̀dá wá kí wa ní Ìtèlé tí mo ń gbé báyìí, orí rẹ̀ ti funfun. Ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bi í bóyá òun náà mọ̀ ọ́n.

“Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà kan,” ó ní. “Ọlọ́run ló fi hàn mí pé kì í ṣe tèmi. N kò bá A jà.”

Èmi ló yẹ kó bá jà.