Ọkọ̀ Wa Tó Ń Hó ní Pápá Eré

Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira ni ọkọ mi ra ọkọ̀ kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ eré ni, ọkọ̀ eléèyàn méjì, kò lórùlé, ó sì ti pẹ́ láyé. Ó kéré débi pé tí èèyàn bá dúró tì í, agbára káká ni ilẹ̀kùn rẹ̀ fi ń kan ìbàdí ẹni. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n. Lọ́jọ́ tó gbé e wọ agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnká n'Ìbàdàn, tọmọdé tàgbà ló tú jáde wá wò ó. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ilé yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ṣé èyí ò ní dàgbà jù báyìí lọ ni?" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ọkọ̀ náà ní Bàtà, nítorí bó ṣe lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mẹkáníìkì ni ọkọ mi. Lọ́rì akẹ́rù ló ń tún ṣe lójoojúmọ́, èmi sì ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, kì í jà. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ eré ọkọ̀ bá ti délẹ̀, ojú rẹ̀ á máa tàn bíi ti ọmọ tó rí ẹran Iléyá. Pápá kan wà lẹ́yìn ìlú nígbà náà, tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ òfúrufú, tí wọn ò lò mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn olọ́kọ̀ kan, òyìnbó àtèèyàn dúdú, ti máa ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti sáré yípo. Ẹ̀bùn kankan ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣáájú á kàn máa fọ́nnu títí wọn ó fi tún pàdé.

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ló fẹ́ràn Bàtà jù. Tí a bá ń lọ sí pápá, àwọn ni wọ́n máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn, wọ́n á fi ìborùn wé orí gbọnin, wọ́n á ní "Bísímílàhì," ọkọ̀ á gbéra. Èmi ìyàwó, bọ́lẹ̀kájà ni mò ń wọ̀ tẹ̀lé wọn, pẹ̀lú agbọ̀n oúnjẹ lórí itan. N kì í bínú. Ta ni yóò bá ìyá ọkọ rẹ̀ du àga?

Láàárín ìlú, Bàtà ò níjàngbọ̀n kankan. Ó ń gun òkè Mápó bí ẹní ń lọ kí ará ilé. A gbé e lọ sí Òjé, a gbé e lọ sí Òkè Padre, ọwọ́ aago kékeré tó wà níwájú awakọ̀, tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, kò kúrò láàárín. Àfi lọ́jọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ gbé e dé pápá eré. Ó sáré yípo lẹ́ẹ̀kan, ó dára. Ó tún yí i, ó dára. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, a rí i tí èéfín funfun ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ mi sì yà sí etí pápá. Omi ń hó gùdùgùdù nínú ráíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, gbogbo iwájú ọkọ̀ ń sín bí olóòtútù.

Ìyá ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu wa, wọ́n ń sáré bọ̀. "Ẹ sún! Ẹ jẹ́ n bu omi sí i lára! Ẹ ò rí i pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ ni?"

Ọkọ mi na ọwọ́ méjèèjì dá wọn dúró. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Tí irin tó gbóná báyìí bá dédé rí omi tútù, sísán ni yóò sán bí ìkòkò."

"Kí la ó wá ṣe?"

"A ó jókòó títí yóò fi tutù."

Ìyá jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì wọn. Wọ́n wo àwọn ọkọ̀ yòókù tó ń fò kọjá, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọkọ̀ tó sáré ń sinmi, àwa tí a ò sáré náà ń sinmi. Ó dáa."

Bí ìwádìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ráíétọ̀ ni ọkọ mi kọ́kọ́ fura sí. Ó tú u sílẹ̀ ní àgbàlá, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi omi ṣàn án títí omi tó ń jáde nínú rẹ̀ fi mọ́ bí omi òjò. Ẹrẹ̀ pupa tó ti inú rẹ̀ jáde kì í ṣe kékeré, inú gbogbo wa sì dùn, a rò pé a ti mú olè. A padà sí pápá. Ní ìyípo kẹta, Bàtà tún hó.

Ó pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń yí fáànù. Ó yọ irin pélébé kan tó máa ń sé ọ̀nà omi mọ́ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, ó ní bóyá kì í ṣí dáadáa. Ó wo bí epo ṣe ń wọlé, ó wo bí iná ṣe ń tàn. Alẹ́ alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, gbogbo agbo ilé ló ń dá sí i. Bàbá tó béèrè ìjọsí bóyá ọkọ̀ náà ò ní dàgbà sọ pé ọkọ̀ ìlú òtútù ni, ooru Ìbàdàn ló ń pa á.

"Bàbá, ooru yìí náà ló wà ní Mápó," ni ọkọ mi dá wọn lóhùn, "kì í sì í hó ní Mápó."

"Ẹ ṣe sàárà," ni ìyàwó ilé kan wí láti ẹnu ọ̀nà.

"A ti ṣe é," ni Ìyá fèsì. "Ọkọ̀ ni kò gbọ́."

Nígbà tí a tún lọ, nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀, ìyípo kẹta kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí ọkọ mi kàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ni. Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ jókòó lábẹ́ igi, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. N ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ni mo bá lọ dúró ti ọkọ̀. Mo ká etí ìró mi mọ́ ọwọ́, mo fi kan orí ráíétọ̀. Ó gbóná bí agbada àkàrà. Mo rọra sún ọwọ́ lọ sísàlẹ̀, mo ń retí kó jó mi. Kò jó mi. Mo ká ìró kúrò, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lásán kàn án. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, bí omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ tuntun.

Mo pè é. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fọwọ́ kan ibí yìí."

"Kí ló ṣe é?"

"Òkè rẹ̀ ń jóni. Ìsàlẹ̀ ò gbóná."

Ó wá, ó fọwọ́ kàn án. Ó gbé ọwọ́ lọ sókè, ó gbé e padà sísàlẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

"Omi tútù wà nísàlẹ̀ níbí," ó ní, bí ẹní ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ́ńjìnnì ń kú lọ fún òùngbẹ, omi sì ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nǹkan kan ń dí i. Tí mo bá sì wò ó nílé, n kì í rí nǹkan kan. A jẹ́ pé orí eré nìkan ló ti ń dí i."

"Ó dáa," mo ní, "ẹ jẹ́ kó máa sáré lórí ìdúró ká wò ó."

Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti ń wo ẹ́ńjìnnì náà láti oṣù bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ń rọra ṣiṣẹ́ ló máa ń wò ó. Kò lè jókòó tẹ iná, irin ẹsẹ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì sáré, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ wo iwájú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó ṣe di òwúrọ̀ Sátidé, a gbé Bàtà sáàárín àgbàlá, a fi òkúta dí táyà rẹ̀. Ọkọ mi jókòó sídìí ọkọ̀, èmi dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, mo ń wo rọ́bà dúdú tó ń gbé omi láti ìsàlẹ̀ ráíétọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ iná. Ẹ́ńjìnnì bú, adìyẹ fò gun orí ògiri. Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: rọ́bà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ń wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá arúgbó tó ń fa ìkòkò tábà, títí ó fi lẹ̀ pẹlẹbẹ.

Mo kígbe. Kò gbọ́. Mo fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀ gbàgbàgbà. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ó sáré bọ́ sílẹ̀, àmọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ wò ó, rọ́bà ti wú padà, ó rọra wà níbẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Dà á?"

"Ó ti padà! Ó lẹ̀ pẹlẹbẹ nísinsìnyí!"

Ó wò mí bí ẹni tí oòrùn ti pa. "Ó dá ọ lójú?"

"Ẹ dùbúlẹ̀ síbí. Èmi ni n ó tẹ iná."

N ò jókòó sídìí ọkọ̀ rí láyé mi. Ó fi irin ẹsẹ̀ hàn mí, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ìyá bọ́ sí ojúde, wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi ìyàwó mi ṣe?" Mo rọra tẹ̀ ẹ́, ó kùn. Ọkọ mi pariwo pé kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo dijú, mo fi gbogbo ẹsẹ̀ lé e. Ariwo náà gba inú àyà mi kọjá. Nígbà tí mo lajú, ọkọ mi ń yí lórí ẹní, n kò mọ̀ bóyá mo ti pa á. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń na ìka sí rọ́bà náà, kò lè sọ̀rọ̀.

Rọ́bà náà ti gbó, ó ti rọ̀ látinú. Tí a bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń gbé omi dáadáa. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá ń fi gbogbo agbára fa omi fún ìgbà pípẹ́, á fa rọ́bà fúnra rẹ̀ pọ̀, ọ̀nà á sì pa dé. Ọkọ mi wá rọ́bà lọ́rì tó nípọn, ó gé e bó ṣe ṣe wẹ́kú. Alágbẹ̀dẹ kan ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀ bá a lọ́ wáyà gbọọrọ kan yípo yípo, ó sì ki í sínú rọ́bà náà kó má baà lè tẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a tún dé pápá, mo dúró, mo di ọwọ́ Ìyá mú. Ìyípo kẹta dé, ó kọjá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin kọjá. Ìyá ń ka "Àlùhámúdùlílàhì" mọ́ ọn. Ọkọ mi parí eré náà láìdúró, ó sì ṣe ẹnì kejì láti ẹ̀yìn, nítorí ọkọ̀ tó ti gbó ti gbó. Òun àti ẹni tó gba iwájú, n kò mọ èyí tí inú rẹ̀ dùn jù. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ráíétọ̀, ó sì pè mí kí èmi náà wá fọwọ́ kàn án.

Ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń tú ká ni mo sọ ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti òwúrọ̀ Sátidé ìjọsí. "Ẹ kọ́ mi."

"Kí n kọ́ ọ ní kí ni?"

"Ọkọ̀ wíwà."

Ó wo ìyá rẹ̀. Mo rò pé Ìyá yóò kọ̀. Wọ́n tún ìborùn wọn wé. "Kọ́ ọ. Tí ìwọ bá ti lọ síbi iṣẹ́, ta ló máa gbé mi lọ sí Ọjà'ba?"

Pápá ṣófo báyìí. Mo jókòó sídìí ọkọ̀, ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a fò bí ọ̀pọ̀lọ́, lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ọ̀nà gbọọrọ ló wà níwájú mi, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi lójú, mo ń kígbe, n kò sì mọ ohun tí mò ń wí. Lójijì ni afẹ́fẹ́ gba gèlè orí mi, ó gbé e lọ sẹ́yìn. Ọkọ mi ní kí n má wẹ̀yìn, kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n gèlè tuntun ni. Mo tẹ búréèkì, Bàtà dúró jẹ́ẹ́ láàárín pápá, mo bọ́ sílẹ̀, mo sì sáré padà lọ mú un.