Pálọ̀ Tí Mo Fi Ìbínú Kọ́

Bí obìnrin bá sọ pé òun fẹ́ràn kí òun máa yìnbọn pa èèyàn, wọn á ní kó lọ gbààwẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ṣá. Mo fẹ́ràn kí ọ̀tá yọ sí mi láti ẹ̀yìn òpó, kí n yìnbọn lù ú láyà, kó fi ẹ̀yìn lu ògiri, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ta sókè. Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan lójú ọ̀nà tó ti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìdímù, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ láwọn ọdún 1990.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú. Oníbàárà á kọ orúkọ ìyàwó ara rẹ̀ ní ìkọkúkọ, màá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe kọ ọ́, á wá padà wá máa bú mi níwájú àwọn èèyàn. Àwọn àgbà ní sùúrù ni bàbá ìwà. Èmi kò mọ bàbá yẹn rí. Àmọ́ ọ̀gá wa obìnrin máa ń wò mí láti orí àga rẹ̀, nítorí náà màá rẹ́rìn-ín músẹ́, màá ní, "Ẹ má bínú, sà." Tí àkókò oúnjẹ ọ̀sán bá tó, tí ọ̀gá bá ti jáde, màá ti ilẹ̀kùn, màá wọnú géèmù, màá sì pa gbogbo wọn.

Nígbà tó yá, pípa wọn nìkan kò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́. Ọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe mú díìsì kan wá láti Ìkẹjà. Èèyàn lè fi ohun tó wà nínú díìsì náà ya ilé tirẹ̀ sínú géèmù: ògiri, àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn, ibi tí ọ̀tá máa dúró sí. Ilé kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá yà tán ni wọ́n ń pè ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ó gbà mí lọ́kàn débi pé oúnjẹ ọ̀sán mi máa ń tutù sínú abọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé pípa èèyàn kì í ṣe iṣẹ́. Títo ibi tí wọ́n ti máa pa á ni iṣẹ́. Bí ọ̀tá bá pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń gbá géèmù náà á bínú kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá kéré jù, á máa yán. O gbọ́dọ̀ fún ọ̀tá níbọn, kó o fún un níbi tó máa sá pamọ́ sí, kó o wá fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà tó máa gbà yọ. O fẹ́ pa èèyàn lóòótọ́, àmọ́ o kò gbọdọ̀ rẹ́ ẹ jẹ. Bí mo ṣe ń ronú nípa rẹ̀ nìyẹn, ó sì dára ju ìwà tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà wa lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa géèmù. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀ pàápàá. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin ló ń gbé yàrá kan ní Akówọnjọ títí ó fi ra ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ náà ló tà á fún un fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ inú ẹbí náà ní wọn kò sọ fún àwọn. Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kúrò. Ó ní òun máa bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n máa gbọ́. Mo sọ fún un pé ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ bá òun àti bíríkìlà níbi ilé náà. Ògiri ti dé ojú fèrèsé. Kànga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn kò tíì bò ó. A kò tíì ṣí oúnjẹ náà tí àwọn ọ̀dọ́ ẹbí náà fi wọlé, bíi mẹ́fà, tàwọn ti àdá àti igi. Ẹni tó ṣáájú wọn wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé, kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa kọ́lé síbí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Olórí ẹbí yín ló tà á fún mi."

"Olórí ẹbí wo? Ṣé bàbá yẹn nìkan ni wọ́n bí sílé wa ni?"

Ó gbá a létí. Awò ojú rẹ̀ fò lọ, ẹnì kan sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ rún. Bíríkìlà gba ojú fèrèsé fò jáde. N kò bá a wí, òun náà ní ìyàwó àtọmọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ògiri wó. Ẹ̀gbọ́n mi lọ dúró níwájú ògiri náà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dá ewúrẹ́ padà. Wọ́n fi pákó nà án níhà. Mo gbọ́ bí egungun rẹ̀ ṣe dún. Wọ́n tún nà án níbẹ̀ náà. Ó ṣubú, wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ sì dà sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Mò ń ké, mò ń fa ẹni tí mo bá rí, wọ́n ń tì mí dànù. Oníjẹ́sì wá fi ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì wọ́ ọ lọ sí ẹnu kànga.

"Ṣebí ilẹ̀ lo fẹ́? Ó yá, wọnú ẹ̀!"

Orí ẹ̀gbọ́n mi ti wà lójú ihò. N kò ro nǹkan kan. Ṣọ́bìrì kan wà nínú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n pò, mo fà á yọ, mo là á mọ́ oníjẹ́sì lẹ́yìn orí.

Kò sí ariwo bíi ti inú géèmù. Ó dún bí ìgbà tí àgbọn bá já lulẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, awọ ẹ̀yìn orí rẹ̀ là, mo sì rí funfun inú rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó bò ó. Bí ẹnì kan bá ṣubú nínú lẹ́fẹ́ẹ̀lì mi, àwọn yòókù á ṣì máa bọ̀, nítorí wọn kò ní ìyá. Àwọn wọ̀nyí dúró gbagidi. Èyí tó kéré jù nínú wọn bú sẹ́kún, ó ń pe "Bọ̀dá! Bọ̀dá!" Bí wọ́n ṣe rí i pé mo tún gbé ṣọ́bìrì sókè, wọ́n sá, wọ́n fi àdá sílẹ̀.

Kì í ṣe àwọn ni mo gbé e sókè fún. Oníjẹ́sì ṣì ń mí. Ẹ̀gbọ́n mi di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú láti ilẹ̀.

"Ó ti tó! Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

"Ẹ̀n-hẹ́n," mo ní, "mo fẹ́ pa á."

Òótọ́ ni mo sọ. Kò fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ títí àwọn ará àdúgbò fi dé. Ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí, tí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ń kán sílẹ̀. Egungun ìhà ẹ̀gbọ́n mi ti ṣẹ́. Wọ́n rán orí oníjẹ́sì láti etí dé ọrùn.

Olórí ẹbí ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá, pé bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ó dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ló ni ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ohun kan ló kù: obìnrin tó fọ́ orí ọmọ onílẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ẹbí.

"Èmi?" mo bi ẹ̀gbọ́n mi. "Kí n kúnlẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ sin yín láàyè? Kí wọ́n máa gbé ilẹ̀ wọn lọ jàre!"

Ẹ̀gbọ́n mi kò lè mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìwọ á bínú, wàá wọ mọ́tò padà sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ibo ni kí n kó ọmọ mẹ́rin lọ?"

Mo kúnlẹ̀. Pálọ̀ olórí ẹbí gùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ṣe kọ́tìnì rẹ̀. Wọ́n to àga yí ògiri ká, gbogbo wọn jókòó sí i, tọkùnrin tobìnrin. Oníjẹ́sì wà ní àárín pẹ̀lú báńdéèjì, kò wojú mi. Mo ní, "Ẹ má bínú." Obìnrin kan ní òun kò gbọ́. Mo tún un sọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, bàbá gbàdúrà, mo ṣe àmín. Ojú ń tì mí débi pé etí mi ń hó, bẹ́ẹ̀ ni ojú mi ń wọn ilé náà: láti ilẹ̀kùn dé òpó, láti òpó dé orí oníjẹ́sì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pálọ̀ náà sínú géèmù. Mo kọ́ àga kọ̀ọ̀kan, mo gbé ọ̀tá kọ̀ọ̀kan jókòó síbi tó jókòó sí. N kò fún wọn níbọn, n kò fún wọn níbi ìsápamọ́. Èmi ni mo gba ìbọn tó tóbi jù. Ojoojúmọ́ ni mò ń wọlé lọ pa wọ́n, mò ń yìnbọn sí oníjẹ́sì lórí, lẹ́yìn tó ti kú pàápàá. Inú mi á dùn títí màá fi ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ìbínú náà á tún ti dúró dè mí níta. Nígbà tó ṣe, ó sú mi. Ẹni tí kò lè jà kò dùn-ún pa. Mo bá fún gbogbo wọn níbọn, bó ṣe yẹ kí lẹ́fẹ́ẹ̀lì rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi yà wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti kan òrùlé. Sátidé ni wọ́n máa kó wọlé. Ó bá mi níbi tí mo ti ń yìnbọn. Ó ní, "Dìde, jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ wò." Orí mi wú. Mo rò pé òun náà fẹ́ gbẹ̀san níkẹyìn. Mo fi bọ́tìnnì tó máa fi rìn hàn án, mo fi èyí tó máa fi yìnbọn hàn án.

Ó gba kọ́tìnì ìlẹ̀kẹ̀ wọlé. Ó dúró.

"Pálọ̀ bàbá rèé," ó ní. "O ò gbàgbé òpó wọn pàápàá."

Ó rìn lọ sí àárín pálọ̀, ó wá gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn lù ú lọ́tùn-ún lósì.

"Bọ̀dá, ẹ yìnbọn! Ẹ yìnbọn sí wọn!"

Kò yìn ín. Ojú kọ̀ǹpútà pọ́n, ẹ̀gbọ́n mi ṣubú nínú géèmù, ó kú.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò yìnbọn?"

"Èmi ni mo fẹ́ lọ máa gbé láàárín wọn," ó ní.

Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ di ìhà rẹ̀ mú. Ó ní kí n tètè dé ní Sátidé, nítorí ẹrù pọ̀, àti pé ọmọkùnrin oníjẹ́sì yẹn ti ní òun máa wá bá wa gbé bẹ́ẹ̀dì.