Ìwé Ìdúpẹ́ Tí Mo Kọ Fún Ilé-iṣẹ́ Ẹlẹ́rìndòdò

Mo rántí ìgbà tí ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́sàn-án, tí a gbé e láti Ọ̀yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí dókítà sì sọ pé àtọ̀gbẹ ni. Ó ní kì í ṣe ohun dídùn ló fà á, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo lè da ara rẹ̀ rú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́. Gbogbo nǹkan ni mo ń kọ nígbà náà: ohun tí ọmọ jẹ, aago tí ó jẹ ẹ́, iye ìgbà tí ó tọ̀. Ìyá rẹ̀ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Akọ̀wé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sín o. Ẹ kọ ọ́."

Lóòótọ́, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. Ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò kan ti gbé fíríìjì sí ẹnu géètì níbẹ̀. Mo bá lọ bá aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ọ́nárébù. Ó gbé ọmọ mi lé ẹsẹ̀, ó ní, "Màmá mi, wọn ò ní tà á ní ilé-ẹ̀kọ́ mọ́." Kò purọ́. Ó gbé àbá òfin náà kalẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ta ẹlẹ́rìndòdò ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí ní ẹnu géètì rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò náà gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọ́nárébù ló mú wọn wá, àwòrán òun gan-an ló wà lára táǹkì. Omi náà mọ́ gaara. Àwọn àgbà sì ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní kí n kọ ìwé ìdúpẹ́, mo sì kọ ọ́ kó dùn: "Kò sí ohun tí ilé-iṣẹ́ yìí ń ṣe tí kì í ṣe fún àǹfààní àwọn ọmọ wa." Gbogbo òbí buwọ́ lù ú, àwọn tí kò mọ̀wé tẹ̀ka. Nígbà tí mo kà á fún ìyá ọmọ, ó ní, "Kò sí ohun kankan? Àti ẹlẹ́rìndòdò?" Mo ní obìnrin yìí kò mọ bí a ṣe ń kọ ìwé ìdúpẹ́.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ará ìlú lórí àbá òfin náà ní Ọ̀yọ́, káàdì ilé ìwòsàn ọmọ mi wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí wọn tán ni Ọ́nárébù yọ ìwé kan.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ bá mi wò ó, ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, sà."

Ó ka gbólóhùn mi sókè. Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun tán kẹ́ ẹ tó rántí pé ẹ ń gbààwẹ̀!" Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

"Omi ni mò ń sọ, sà. Omi nìkan."

"Ẹ ò bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí a sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Nígbà tí òfin náà jáde, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju pé kí àwọn olùkọ́ máa gba ọmọ níyànjú. Fíríìjì kò kúrò.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Ọ́nárébù kúrò nípò ló sọ òkodoro fún mi: "Pósítà mi, mọ́tò tí mo fi polongo ìbò, ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò yẹn ló san owó wọn. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, kí ìwé yín tó dé." Mo bínú, síbẹ̀ mi ò dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ìgbà tí a pàdé tí kì í béèrè ọmọ náà.

Ọmọ náà ti di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé. Fúnra rẹ̀ ló ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀. Èmi ni mi ò tíì yéé pè é láràárọ̀.

Lóṣù tó kọjá, akọ̀wé tuntun ẹgbẹ́ òbí mú ìwé wá kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé-iṣẹ́ náà ti kan òrùlé fún wọn. Ìwé rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Mo fagi lé gbólóhùn kan.

"Ẹ̀yin bàbá yìí, wọn ò ní pè wá ní aláìmoore?"

"Ẹ dúpẹ́ òrùlé," ni mo wí. "Ẹ kọ iye páànù tí wọ́n kàn. Ẹ má bá wọn kọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́."

Ó wò mí bí ẹni pé ara mi kò yá. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ní kí n yá òun ní bírò.