Bàálù Pupa ní Òkè-Bùkún

Ìyá tí mo wọ̀ sílé rẹ̀ ní Òkè-Bùkún ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti kó sí ìjàngbọ̀n. Ìdí òfì rẹ̀ ló wà nígbà tí mo sáré wọlé, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí mo bi í bóyá ó rí nǹkan kan tó fò kọjá. Mo kí i, "Okun o."  Ó sọ igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Akọ̀wé, ta ló kú?"

"Ìyá, kò sẹ́ni tó kú o."

"Ta wá ni wọ́n tẹ́ ìpò fún?"

Ó nawọ́ sí ilé olóyè àgbà kan tó kọjú sí tiwa. Bàálù kékeré mi dùbúlẹ̀ lórí koríko òrùlé, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó pupa fòò nínú oòrùn ọ̀sán. Nínú ilé yẹn gan-an ni bàbá olóyè náà ti ń ṣàìsàn láti ìgbà tí wọ́n ti wa iṣu tuntun.

Ọmọ Kabba ni mí, n kì í ṣe ará Bùnú bí àwọn ará Òkè-Bùkún. Mo ti gbọ́ orúkọ ìpò rí. Mo mọ̀ pé aṣọ pupa tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń hun ni. Mi ò mọ̀ pé bí aṣọ pupa bá hàn lójijì nílé àgbà tó ń ṣàìsàn, ìsìnkú ni ọkàn gbogbo ará ìlú ń lọ sí. Ìyá là á fún mi ní gbangba: "Bàbá ṣì ń mí, o ti tẹ́ aṣọ òkú rẹ̀ fún un. Bó bá wá kú, ta ni wọ́n máa ní ó pa á?"



Ìparí àwọn ọdún 1950 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kí a tó gba òmìnira. Èmi ni akọ̀wé sítọ́ọ̀ fún àwọn tó ń la títì. Òyìnbó kan ni ọ̀gá wa, ó máa ń fi bàálù kékeré ṣeré nílé wọn lọ́hùn-ún, èyí tí ènìyàn ń fi rédíò darí láti ilẹ̀. Nígbà tó ti ìsinmi dé, ó kó páálí mẹ́ta bọ̀, igi fífúyẹ́ tí a óò tò pọ̀ ló wà nínú wọn. Kò fẹ́ máa dá ṣeré. Ó ní kí n yan ọ̀kan, pé èyí tí mo bá yàn ni n óò fi kọ́ ọ.

Èkíní jọ bàálù ogun. Abẹ́ ikùn ni apá rẹ̀ wà, imú rẹ̀ sì ṣóńṣó. Òun ni ojú gbogbo òṣìṣẹ́ wà lára rẹ̀. Dírẹ́bà wa, ọmọ Ìyárá kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, gbá mi léjìká.

"Akọ̀wé, èyí ni kó o mú! Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti dé Lọ́kọ́ja."

Èkejì ní apá lórí apá, wáyà sì pọ̀ láàárín wọn. Ìkẹta kò ní ẹwà kankan. Apá rẹ̀ fẹ̀, orí ló gbé e lé bí ẹni ru pákó, etí apá náà sì ká sókè díẹ̀.

Dírẹ́bà ní, "Èyí? Èyí jọ adìyẹ tí òjò pa."

Ìbéèrè kan ni mo bi ọ̀gá: "Bí mo bá ṣi í darí, èwo ni kò ní já?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé fún mi. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló wà lára àpótí rédíò náà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ìrù bàálù á yà, bí o bá fi í sílẹ̀, ìrù á padà sí ààyè rẹ̀. Kò sí ohun tí o lè fi dá ẹ́ńjìnì dúró lókè. Títí epo á fi tán ni yóò máa fò, lẹ́yìn náà yóò rọra máa bọ̀ nílẹ̀. Èyí tó dà bí ti ogun, ibi tí o bá kọ imú rẹ̀ sí ló ń lọ, kódà bó jẹ́ inú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí apá rẹ̀ wà lókè, tí ara rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, bó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, fúnra rẹ̀ ni yóò tọ́. Kò nílò ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo ìgbà.

Mo mú adìyẹ tí òjò pa. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn, n kì í wọ odò tí n kò bá tíì fi igi wọ̀n.

A tò ó, a fi ṣẹ́dà funfun bò ó. Ọyẹ́ ti dé, ojú ọ̀run sì funfun bí eérú. Ọ̀gá ní bàálù funfun á pòórá mọ́ wa lójú níbẹ̀, pé kí n wá ọ̀dà tó hàn ketekete. Nínú gbogbo ọ̀dà tó wà ní sítọ́ọ̀, pupa ni mo mú. Kabba, Ìyárá àti Ìsánlú ni àwa tó wà níbẹ̀ ti wá. Kò sí ará Bùnú kankan láàárín wa tí ì bá kìlọ̀ fún mi.

Ó fò dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, rọ́bà tí a lọ́ sínú rẹ̀, èyí tó ń yí ìrù, tú tán nígbà tó ṣì wà lókè. Mo tẹ bọ́tìnì, kò yà. Ọ̀gá gbà á, ó tẹ̀ ẹ́, kò yà. Bàálù ń yípo jẹ́jẹ́, ó ń gòkè, ó sì ń sún mọ́ ìlú.

Dírẹ́bà kígbe pé, "Akọ̀wé, èyí tó o ní kò ní já, ó ti ń lọ kí àna rẹ nílé!"

Bó bá jẹ́ ti ogun ni, iwájú wa ni ì bá ti fọ́, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti parí síbẹ̀.

Mo sáré tẹ̀ lé e wọ ìlú, mo sì bá ìyá nídìí òfì. Kí n tó jáde nílé rẹ̀, àkọ́bí olóyè náà ti dé ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin gíga kan tó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ bá mi sin bàbá mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, nǹkan ìṣeré ni."

"O gbé aṣọ òkú sórí ilé alààyè, o ní ìṣeré ni?" Ó tẹ̀ síwájú. "Gbọ́ mi. Bí bàbá mi bá kú, o ò ní fi ẹsẹ̀ ara rẹ kúrò ní ìlú yìí."

Ọ̀gá fẹ́ gbé mi padà sí Kabba lọ́jọ́ náà. Ìyá kọ̀. Ó ní bí mo bá sá, wọ́n á ní mo mọ ohun tí mo ṣe, wọ́n á sì rí mi ní Kabba. Mo dúró. Láràárọ̀ ni mo ń tẹ́tí sí ikọ́ bàbá láti òdìkejì. Bó bá wúkọ́, mo lè jẹun. Bí kò bá tètè wúkọ́, òkèlè á dúró lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó ṣe, bàbá fúnra rẹ̀ gbọ́, ó ní kí wọ́n gbé nǹkan náà àti ẹni tó ni ín wá. Orí ẹní ló wà, ó rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́. Ó yí bàálù lọ, ó yí i bọ̀.

"Mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú rẹ, èyí lo mú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó burẹ́wà. Kí ló dé tó o kùn ún ní pupa?"

"Kí n lè máa rí i lókè ni, Bàbá."

"Gbogbo wa la rí i."

Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín. Àkọ́bí rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń jáde, ó sọ sí mi létí pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ lọ́jọ́sí kò tíì yí padà. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ikọ́ bàbá sì tún le sí i lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀gá kun bàálù ní àwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án mọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde jókòó níwájú ilé. Lọ́jọ́ kan ó ránṣẹ́ pè mí. Àkọ́bí rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àgbà mìíràn náà wà níbẹ̀. Ojú ọmọ rẹ̀ ni bàbá ń wò nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

"Mo gbọ́ pé o ní bí mo bá kú, ọmọ Kabba yìí ló pa mí. Èmi ni mo ni ikú mi. Bí mo bá lọ lónìí, ọjọ́ orí ló gbé mi lọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Èmi kọ́. Òun ni kó o sọ fún."

Ọkùnrin náà yíjú sí mi. 

"Akọ̀wé, mi ò bá ọ jà mọ́. Bó ti wù kó rí, mi ò ní bi ọ́ léèrè ikú bàbá mi."

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn láti dúpẹ́. Mi ò tètè dìde. Àwọn àgbà ń wò mí. Ọkùnrin gíga náà ló bẹ̀rẹ̀, tó mú mi lápá, tó sì fà mí dìde.